Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà

Ní ayé àtijọ́, kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa, bí ìlú bá ní ẹ̀dùn ọkàn sí ọba, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni í dìde kí ó wọ ààfin lọ wí i. Àwọn ará ilé yóò kọ́kọ́ sọ fún baálé, baálé yóò sọ fún ìjòyè àdúgbò, ìjòyè ni yóò sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọba pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ àti òwe. Bí ọba bá kọ etí ikún, ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn àgbà ìlú mọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni a fẹ́ sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ní ayé ni àwọn mẹ̀kúnnù ti wá ọ̀nà tí wọn yóò fi bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ láìfa idà yọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà ni ìwé ẹ̀bẹ̀.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni ìwé tí àwọn ènìyàn kọ sí ìjọba láti sọ ohun tí ń dùn wọ́n àti àtúnṣe tí wọ́n ń fẹ́, tí olúkúlùkù wọn sì fi ọwọ́ sí. Orúkọ yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ wa ojoojúmọ́, ẹni tí ó ṣẹ̀ ni a sábà máa ń rí tí ń bẹ̀bẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Láti ọdún 1689 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ni láti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọba, àti pé kò tọ́ kí a ti ẹnikẹ́ni mọ́lé nítorí pé ó kọ ọ́. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ lọ́nà báyìí kò jẹ gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni kò dá ọ̀ràn. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni ó ń béèrè, ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó kàn fi béèrè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni gbogbo ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń dìbò yan aṣòfin. Irọ́ gbáà ni. Títí di ọdún 1832, ibì kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Old Sarum. Òkìtì ahoro lásán ni, síbẹ̀ aṣòfin méjì ni a ń rán láti ibẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí Manchester, ìlú ńlá tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ń ké nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò rán ẹyọ kan. Ní ọdún 1832 ni wọ́n ṣe àtúnṣe ńlá sí òfin náà, wọ́n sì mú irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìlú ńlá, kìkì ọkùnrin tí ilé tàbí ìsọ̀ tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ bá tó £10 ní owó ìyálé lọ́dún ni òfin fún ní ìbò. Àwọn oníṣòwò tí ó rí já jẹ wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti jọ ń pariwo fún àtúnṣe náà. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn àgbà ọkùnrin ilẹ̀ náà tí ó lè dìbò. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1834, Ilé Aṣòfin tuntun náà ṣe òfin pé òtòṣì tí ó bá ń wá ìrànlọ́wọ́, kí ó lọ máa gbé inú ilé tí a kọ́ fún irú wọn. Nínú ilé náà, wọn a ya ọkọ sọ́tọ̀, wọn a ya aya sọ́tọ̀, wọn a sì ya ọmọ sọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn òtòṣì ní ìbò ni, ta ni yóò gbójú gbóyà láti ṣe irú òfin yìí?

Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń bi ara wọn. Ní ọdún 1836 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, akọ̀wé wọn sì ni William Lovett, káfíńtà tí ń kan àga àti àpótí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1838, wọ́n gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Ìwé Ẹ̀tọ́ Àwọn Ènìyàn. Láti ara orúkọ ìwé náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń pe àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e ní Chartist.

Ohun mẹ́fà ni ìwé náà béèrè. Èkínní ni pé kí gbogbo ọkùnrin tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 21 ní ìbò. Èkejì ni ìbò ìkọ̀kọ̀, èyí sì yẹ ní àlàyé, nítorí pé àwa tí a bí sí ayé àpótí ìbò kò lè mọ ohun tí ó ti ojú àwọn ará ìjọ́sí rí. Ní gbangba ni wọ́n ń dìbò nígbà náà. Ènìyàn yóò dúró lórí pẹpẹ, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹni tí ó mú, onílé rẹ̀ lè wà nílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀gá tí ń san owó iṣẹ́ fún un lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dárúkọ tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn lè sùn sí ìta ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ̀wẹ̀, wọ́n béèrè pé kí a má ṣe fi ọrọ̀ díwọ̀n ẹni tí yóò di aṣòfin mọ́. Òfin ìgbà náà sọ pé aṣòfin láti ìgbèríko gbọ́dọ̀ ní ohun ìní tí ń mú £600 wọlé fún un lọ́dún, ti ìlú ńlá sì gbọ́dọ̀ ní £300. Wọ́n béèrè pé kí a máa san owó fún àwọn aṣòfin, nítorí kí ni awakùsà yóò fi bọ́ ọmọ rẹ̀ bí ó bá fi ihò èédú sílẹ̀ lọ jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù? Wọ́n ní kí iye ènìyàn tí ó wà ní àgbègbè ìdìbò kan dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, kí a sì máa yan aṣòfin tuntun lọ́dọọdún.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ọkùnrin nìkan ni wọ́n dárúkọ. Lovett fúnra rẹ̀ fẹ́ kí àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rù pé èyí yóò fa ìdádúró fún ìbò àwọn ọkùnrin, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Síbẹ̀síbẹ̀ àwọn obìnrin fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé ìwé yìí lọ sí Ilé Aṣòfin. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ní ọdún 1839. Orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀ tó 1,280,000. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje, àwọn aṣòfin dìbò lórí pé kí wọ́n tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ènìyàn 46 ní kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò, 235 kọ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé pé kì í ṣe pé wọ́n ka ohun tí a béèrè kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Wọ́n kọ̀ láti gbọ́ ni. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, àwọn awakùsà àti àwọn alágbẹ̀dẹ irin ní gúúsù Wales dìde ogun wọ ìlú Newport. John Frost, ẹni tí ó ti ṣe olórí ìlú náà rí, ni ó ṣáájú wọn. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara pamọ́ sínú hòtẹ́ẹ̀lì kan yìnbọn sí wọn, ó lé ní ogún ènìyàn tí ó kú. Wọ́n dá Frost lẹ́bi ikú, wọ́n tún yí i padà sí ìgbèkùn ní erékùṣù kan ní ẹ̀bá Ọsirélíà, èyí tí a ń pè ní Tasmania nísinsìnyí. Kí ni àwọn tí wọ́n dá ogun yìí sílẹ̀ rí gbà? Kò sí nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n ṣẹ́kù tún padà sí ìdí tákàdá àti yíǹkì.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ó jọ mí lójú jù lọ. Ọdún 1842 ni. Ọdún náà le fún àwọn òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ kò sí, ebi sì ń pa wọ́n. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ti ń gbé tákàdá kiri, ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ní ọjà, àti ní ìpàdé alẹ́. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, orúkọ tí wọ́n kà níbẹ̀ jẹ́ 3,317,752. Wọ́n lẹ àwọn tákàdá náà mọ́ ara wọn, gígùn rẹ̀ sì lé ní máìlì 6. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́bàá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò rìn tó wákàtí méjì gbáko kí ó tó dé ibi orúkọ tí ó kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, wọ́n ká a jọ bí ẹní, wọ́n gbé e sórí férémù igi ńlá, àwọn ọkùnrin tí ó lágbára sì gbé e lé èjìká, ogunlọ́gọ̀ tẹ̀ lé wọn gba ìgboro Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Nígbà tí wọ́n dé Ilé Aṣòfin, ẹnu ọ̀nà kò gbà á. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n tilẹ̀ gbìyànjú láti tú férémù ilẹ̀kùn kúrò, pàbó ni ó já sí. Ni wọ́n bá tú ìwé náà palẹ̀, wọ́n ń kó o wọlé ní ìdì ní ìdì, ó sì di òkìtì ńlá ní iwájú àwọn aṣòfin.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ta ènìyàn lára. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé owó tí Ọbabìnrin Victoria ń gbà fún ìlò ara rẹ̀ lójoojúmọ́ jẹ́ £164, ṣílè 17 àti pẹ́nì 10, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ wà tí ohun tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lójúmọ́ kò tó pẹ́nì 4. Pẹ́nì 240 ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan ní ayé ìgbà náà. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé owó ọjọ́ kan fún ènìyàn tí ó lé ní 10,000 ni ẹnì kan ń gbà.

Ní ọjọ́ kejì ni àwọn aṣòfin jíròrò lórí rẹ̀. Thomas Babington Macaulay dìde. (Kì í ṣe Herbert Macaulay ti Èkó o, òǹkọ̀wé ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eléyìí.) Ó ní òun kò kọ gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìbò fún gbogbo ọkùnrin, àwọn tí kò ní nǹkan yóò fi òfin gba ohun ìní lọ́wọ́ àwọn tí ó ní i, ọ̀làjú yóò sì parun. Ènìyàn 49 ni ó gbè sẹ́yìn ìwé ẹ̀bẹ̀ náà, 287 kọ̀ ọ́. Ìṣòro tí ó wà nínú irú ẹ̀bẹ̀ yìí nìyẹn. Bí mo bá bẹ ọba pé kí ó tún afárá ṣe, kò sí ohun tí yóò pàdánù bí kò ṣe owó díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Chartist ń bẹ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n yí òfin tí ó gbé àwọn fúnra wọn dé orí àga padà, wọn kò sì ní ohun mìíràn ní ọwọ́ ju orúkọ wọn lọ.

Nítorí náà ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹta fi dunni tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1848, àwọn ará Faransé lé ọba wọn kúrò lórí oyè, gbogbo àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù sì wà nínú ìbẹ̀rù. Feargus O'Connor, agbẹjọ́rò kan láti Ireland tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, ni ó ń darí àwọn Chartist. Ó kéde pé ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, àwọn ènìyàn yóò pé jọ ní pápá Kennington, wọn yóò sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí Ilé Aṣòfin. Ìjọba gbé ọbabìnrin kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fi ètò ààbò lé Duke ti Wellington lọ́wọ́, ológun àgbà tí ó ṣẹ́gun Napoleon. Wọ́n fi àwọn ọmọ ogun pamọ́ káàkiri, wọ́n sì búra fún àwọn ará ìlú tí ó lé ní 80,000 gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá àdìpọ̀ ọjọ́ díẹ̀. Ìpàdé náà lọ ní ìrọ̀rùn. Ọlọ́pàá sọ fún O'Connor pé wọn kò gbọdọ̀ tò kọjá afárá, ó gbà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́ta ni wọ́n sì fi kó ìwé náà lọ. Òjò rọ̀ sí wọn lórí, olúkúlùkù lọ sí ilé rẹ̀.

O'Connor ti sọ nínú Ilé Aṣòfin pé orúkọ 5,700,000 ni ó wà nínú ìwé náà. Ní ọjọ́ kẹta, ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn láti yẹ̀ ẹ́ wò mú èsì wá. Wọ́n ní 1,975,496 péré ni àwọn kà. Wọ́n tún ní àwọn rí orúkọ Ọbabìnrin Victoria nínú rẹ̀, àwọn rí ti Duke ti Wellington, àwọn sì rí àwọn orúkọ bí Onímú-Pẹlẹbẹ àti Kò-Sí-Wàràkàṣì. Ọ̀pọ̀ ojú ewé ni ó jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ni ó kọ gbogbo orúkọ inú rẹ̀. Ilé Aṣòfin bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gba gbogbo ìlú kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdájọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí ọmọlúwàbí. Ìṣirò ìgbìmọ̀ náà kò mọ́ tó. Akọ̀wé 13 ni wọ́n sọ pé ó ka ìwé náà, láàárín nǹkan bí wákàtí 17. Bí a bá pín iye orúkọ náà fún wọn, akọ̀wé kọ̀ọ̀kan yóò ka nǹkan bí orúkọ 149 ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, láìsinmi, láìmu omi. Ta ni ó lè ṣe èyí? Ní ti ọwọ́ kan náà tí ó kọ orúkọ púpọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí àwọn akọ̀wé ojú pópó tí ń jókòó nítòsí kóòtù ní àwọn ìlú wa ní ayé ìjọba àwọn Òyìnbó yóò mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ a máa bẹ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ láti bá a kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn sì fi orúkọ wọn pamọ́ nítorí kí ọ̀gá má baà lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, bí a tilẹ̀ gba iye tí ìgbìmọ̀ kà, àwọn ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn, kí ni ó wà níbẹ̀ tí ó yẹ ní ẹ̀rín?

Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò lè dá O'Connor àti àwọn aláwàdà wọ̀nyẹn láre. Iye tí ó pè ju òtítọ́ lọ, ó sì yẹ kí ó mọ̀. Àwọn tí wọ́n kọ orúkọ ọbabìnrin síbẹ̀ rò pé eré ni. Bí eṣinṣin kan bá bọ́ sínú àwo ọbẹ̀, àlejò kì í bèèrè pé mélòó ni ẹran inú rẹ̀ mọ́. Obìnrin ahunṣọ kan lè ti fi ọwọ́ gbígbọ̀n kọ orúkọ tirẹ̀ sí abẹ́ Onímú-Pẹlẹbẹ, kí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò bá ìjọba sọ ní gbogbo ayé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ọdún 1848, agbára àwọn Chartist rọlẹ̀. Síbẹ̀ ohun tí wọ́n béèrè kò rọlẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ní 1858 wọ́n pa òfin tí ń fi ọrọ̀ díwọ̀n aṣòfin rẹ́. Ìbò ìkọ̀kọ̀ dé ní 1872. Ní 1885 wọ́n tún àgbègbè ìdìbò pín kí ó lè sún mọ́ ìdọ́gba. Ní 1911 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san £400 lọ́dún fún aṣòfin. Ní 1918 gbogbo ọkùnrin tí ó pé ọmọ ọdún 21 rí ìbò gbà, àti àwọn obìnrin kan tí ó ti pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn obìnrin kò bá ọkùnrin dọ́gba títí di 1928. Ìyànsípò ọdọọdún nìkan ni kò ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ owó àti ìbò yìí kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1920, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Gánà, Nàìjíríà, Sàró àti Gáḿbíà pàdé ní Àkìrà, wọ́n dá Àpéjọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n sì rán aṣojú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún kan náà láti gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ fún Ọba George Karùn-ún. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa máa dìbò yan aṣojú wọn sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀, Gómìnà Clifford ti Nàìjíríà sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Clifford kan náà fi ṣe òfin tuntun ní 1922, ìbò àkọ́kọ́ sì wáyé ní 1923: Èkó yan aṣojú mẹ́ta, Kàlàbá yan ẹyọ kan. Àwọn wo ni òfin náà fún ní ìbò? Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un bá tó £100 lọ́dún. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi gbogbo agbára bá jà ni wọ́n tún gbé fún wa. Nínú ìbò ọdún 1959, obìnrin dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìlà-Oòrùn àti ní Èkó, ṣùgbọ́n ti Àríwá dúró títí di àwọn ọdún 1970.

Ó ku ẹnì kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ni kì í dárúkọ rẹ̀. William Cuffay ni. Télọ̀ ni, ènìyàn dúdú ni, ènìyàn kúkúrú ni pẹ̀lú. Ní Chatham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti bí i ní 1788, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ jẹ́ ẹrú rí ní erékùṣù St Kitts. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ìtòlọ́wọ̀ọ̀wọ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1848, inú rẹ̀ kò sì dùn rárá nígbà tí O'Connor gbà pé kí wọ́n má kọjá afárá. Ní ọdún náà ni wọ́n mú un, wọ́n sì fi ẹ̀rí amí kan dá a lẹ́bi pé ó ń dìtẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí ìgbèkùn ní Tasmania, níbi tí John Frost wà. Ní 1856 wọ́n dárí jì í, ṣùgbọ́n kò padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dúró níbẹ̀, ó ń rán aṣọ, ó sì ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wọn títí ó fi kú ní 1870 nínú ilé àwọn òtòṣì. Ní ọdún 1856 tí wọ́n dárí jì í yẹn ni Tasmania ṣe òfin ìbò ìkọ̀kọ̀, ọdún 16 gbáko ṣáájú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lé e jáde.

Iṣẹ́ ṣíṣe. Wá ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí o sì lo ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbólóhùn tìrẹ: kọ etí ikún, rí já jẹ, pàbó, gbè sẹ́yìn, gbọ̀ngbọ̀n. Lẹ́yìn èyí, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan sí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ lórí ohun kan ṣoṣo tí ó ń dun àdúgbò rẹ. Kí ó má ṣe ju ojú ewé kan ààbọ̀ lọ, kí o sì ṣàlàyé ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìwọ yóò ṣe rí i dájú pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni ó fi ọwọ́ sí i.